Ilé-Ìwé Tó Wà Káàkiri Ìlú

Nígbà tí ọkọ mi kú, ọmọbìnrin wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà ni. Àìsàn ẹ̀dọ̀ ló ṣe é, kò pẹ́ kò jìnnà, ó lọ. Ó ku èmi àti ọmọ nínú yàrá kan àti pálọ̀ ní Koumassi Remblais, nínú àgbàlá tí àwa àti àwọn Júlà, àwọn Báwúlé àti ìdílé ará Burkina kan jọ ń gbé. Àwa nìkan ni Ànàgó ibẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń pe àwa Yorùbá ní Abidjan nìyẹn. Obìnrin Júlà tí yàrá rẹ̀ kan tèmi kò pe orúkọ mi rí. "Ànàgó mùsó" ló ń pè mí, ìyẹn obìnrin Ànàgó, èmi náà sì ti ń jẹ́ ẹ.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ènìyàn máa ń yí opó ká, òótọ́ ló sọ, àmọ́ ẹ bi í pé títí di ìgbà wo. Lọ́sẹ̀ tí a sin ọkọ mi, kò sí ibi tí mo lè na ẹsẹ̀ sí nínú pálọ̀ ara mi. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń kọrin, àwọn ará Èjìgbò, ìlú wa nílé, ń gbàdúrà, abọ́ oúnjẹ ń wọlé, abọ́ oúnjẹ ń jáde. Nígbà tó yá, oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ, ó wá ku èmi àti ọmọ tí à ń wo ara wa lójú. Mo máa ń tan rédíò sílẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìgbà tí a bá fẹ́ sùn. Kì í ṣe pé mo ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo kàn fẹ́ kí ohùn àgbàlagbà kan wà nínú ilé ni.

Ẹbí ọkọ mi kò burú. Ẹ jẹ́ kí n ti tètè sọ ọ́, torí bí mo bá dé ibi tí inú ti ń bí mi, mo lè gbàgbé. Wọ́n kọ́kọ́ ní kí àbúrò ọkọ mi ṣú mi lópó. Àbúrò ọkọ mi wo? Èyí tí mo fọn ikun imú fún nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ! Lóòótọ́, "ọkọ mi" ni mo ń pè é, bí ìyàwó ilé ṣe ń pe gbogbo ọmọ tó bá nílé, tọmọdé tàgbà, àmọ́ ẹnu la fi ń sọ ìyẹn. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní kí wọ́n má bínú, n kò lè ṣe é. Àbúrò ọkọ mi náà gan-an mí kanlẹ̀ nígbà tó gbọ́, torí ó ti ní ọmọge tó ń fẹ́ ní Treichville.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọmọ mi ti yọjú. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pátápátá, tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀dá, ló gbé e kalẹ̀. San-Pédro ló ń gbé, létí òkun lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ló ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Bọ̀dá kì í pariwo. Tó bá ń sọ̀rọ̀, àfi kí ẹ sún mọ́ ọn kí ẹ tó gbọ́, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kí gbogbo ẹbí máa bẹ̀rù rẹ̀. Ó ní èmi ṣì kéré, ó ní ọjọ́ ń bọ̀ tí n óò fẹ́ ọkọ mìíràn, àwọn kò sì ní bínú sí ìyẹn. Àmọ́ ọmọ àbúrò òun kò ní dàgbà nínú ilé ọkùnrin ọlọ́kùnrin. Ó ní kí a fi í ránṣẹ́ sílé, sọ́dọ̀ ìyá wọn ní Èjìgbò. Kì í ṣe ohun tuntun. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń tajà ní Adjamé, bí wọ́n ṣe bí wọn sí Abidjan tán ni wọ́n ti kó wọn lọ sílé lọ́dọ̀ ìyá àgbà, wọ́n wá padà dé nígbà tí wọ́n gbọ́njú.

Mo jà. Mo ní ọmọ yìí ń gbọ́ Yorùbá, àmọ́ Faransé ló fi ń dáni lóhùn, bó bá dé ilé báyìí, àárín àwọn ọmọ jẹ́léósinmi ni wọ́n máa fi í sí. Mo ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé ló wà yìí, kí wọ́n má ṣe da ọmọ náà rú. Bọ̀dá ronú títí. Ó ní kò burú, bí mo bá lè rí ilé-ìwé gidi kan, tí ìyanṣẹ́lódì kò ní máa tì, tí rògbòdìyàn ìlú kò ní gba ìwé mọ́ ọmọ lọ́wọ́, kí n mú un wá síwájú ẹbí kí ilé-ìwé tó wọlé, ọmọ kò ní lọ sí Èjìgbò mọ́. Ohun tó sọ nìyẹn. Ohun tí èmi gbọ́ ni pé ọmọ mi yóò dúró tì mí.

Àsìkò tí ogun ti pín orílẹ̀-èdè sí méjì ni. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ wà lókè, ìjọba wà nísàlẹ̀, àwa àlejò wà láàárín tí à ń fọgbọ́n rìn. Lónìí ilé-ìwé ṣí, lọ́la wọ́n tì í, torí pé àwọn ọ̀dọ́ dáná sun táyà sójú títì. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni mo ní ní Adjamé Roxy, bọ́tìnnì, síìpù àti òwú ni mò ń tà fún àwọn aránṣọ. Ìgbà tí a bá gbọ́ pé nǹkan fẹ́ ṣẹlẹ̀, mo máa ń fi ọjà sílẹ̀ ni, kí n sáré wọ gbaka, ọkọ̀ akérò tí ara rẹ̀ kò gbádùn yẹn, kí n lọ mú ọmọ ní jẹ́léósinmi. Mo wá ń rò ó pé bó bá di dandan kí a sá kúrò ní Koumassi, kí a lọ sí Yopougon tàbí kí a jáde nílùú yìí pátápátá, ilé-ìwé ọmọ ńkọ́? Ilé-ìwé tó lè bá wa sá ni mo ń wá.

Gbogbo ènìyàn ló ní ìmọ̀ràn, kò sẹ́ni tó bá mi lọ. Aránṣọ kan ní ilé-ìwé ìjọba ló dáa, ọ̀fẹ́ ni. Mo lọ wò ó, àwọn ọmọ fún mọ́ra lórí bẹ́ǹṣì débi pé èyí tó wà léteetí ń fi ẹsẹ̀ kan ti ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má baà ṣubú. Obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n lọ sí ti àwọn àlùfáà. Mo lọ, wọ́n ní ó ti kún. Níbi gbogbo tí mo dé, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń wò ni ẹ̀yìn mi, bóyá ọkùnrin kan ń bọ̀. Wọ́n á ní mùsíọ̀, ìyẹn bàálé mi, ńkọ́? Mo kọ́kọ́ máa ń sọ fún wọn pé ó ti kú, wọ́n á wá rọ ojú, wọ́n á máa káàánú mi. Nígbà tó sú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó rìnrìn àjò.

Ilé-ìwé kékeré kan wà tí kò jìnnà sí wa, tí olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì dá sílẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀. Kíláàsì mẹ́ta péré ló ní, ọ̀kan wà ní ibi tí ó yẹ kó jẹ́ gáréèjì. Kò bi mí léèrè mùsíọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ mi, ó ní kó sọ nípa ilé rẹ̀ fún òun. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ níwájú àlejò, ó ya ẹnu, ó ń rojọ́ ní Faransé. Ó ní rédíò ilé wa kì í dákẹ́. Ó ní bí mama òun bá ń gbálẹ̀, ó máa ń bá rédíò jà. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí ló ń bá a jà lé lórí? Ọmọ ní òun kò mọ̀, pé Yorùbá tó jinlẹ̀ ni mama fi ń bá a jà.

Nígbà tí a ń bọ̀, ó bi mí pé ọjọ́ wo la óò padà síbẹ̀. Mo ní kì í ṣe ilé-ìwé nìyẹn, pálọ̀ ènìyàn ni. Bí orí bá ń fọ́ bàbá yẹn láàárọ̀ ọjọ́ kan, ilé-ìwé ti tì nìyẹn. Bí ogun bá lé wa dé Grand-Bassam, ta ni yóò gbé gáréèjì yẹn tẹ̀ lé wa? Ó di ọwọ́ mi mú títí a fi délé.

Oníbàárà mi kan ló wá sọ fún mi nípa ilé-ìwé aládàáni kan tó ní ẹ̀ka káàkiri. Ọ̀kan wà ní Koumassi lọ́dọ̀ wa. Mo wọ aṣọ tí mo fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, èmi àti ọmọ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí àwọn òbí wá wo inú ilé-ìwé. Ẹ ò bá rí i. Ògiri tó mọ́ tónítóní, igi tí wọ́n rẹ́ lọ́gbọọgba, àwọn ọmọ nínú aṣọ alápótí àwọ̀ ewé àti funfun. Àwọn òbí ń rìn ní méjì-méjì. Ọkọ á na ìka sí nǹkan, ìyàwó á mi orí. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí, n kò mọ ẹni tí mò ń mi í sí.

Wọ́n ya àwòrán orílẹ̀-èdè náà gàdàgbà sára ògiri iwájú, wọ́n sì fi àmì pupa sí gbogbo ibi tí wọ́n ní ẹ̀ka. Mo dúró síbẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi dùn mí. Abengourou. Gagnoa. Yamoussoukro. Ẹ wo bí ilẹ̀ yẹn ṣe tóbi tó, gbogbo ayé mi kò sì ju ọ̀nà Koumassi sí Adjamé lọ. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé náà, obìnrin kan tó wọ bàtà gogoro, rí mi níbẹ̀, ó sì wá bá mi. Ó ní ìwé kan náà ni gbogbo wọn ń kà, ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe ìdánwò, ojú ewé kan náà ni wọ́n ń ṣí. Ó ní ọmọ lè kúrò ní ẹ̀ka kan lọ́jọ́ Ẹtì kó jókòó sí òmíràn lọ́jọ́ Ajé, kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé òun ṣí kúrò. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ dì mọ́ ọn. Mo bi ọmọ bóyá ó fẹ́ ibẹ̀. Ó ní aṣọ wọn dáa.

Mo sọ fún obìnrin Júlà ẹ̀gbẹ́ mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn bí a ṣe ń ṣa ìrẹsì lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo ṣàlàyé ẹ̀ka, mo ṣàlàyé ìdánwò. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní ṣé wọ́n máa ń fún ọmọ lóúnjẹ lọ́sàn-án. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó dáa nígbà náà. Mo rántí pé mo fẹ́ kó tún bi mí ní nǹkan mìíràn, torí ọ̀rọ̀ náà kún inú mi, n kò sì rí ẹni sọ ọ́ fún. Ọkọ mi ni ì bá gbọ́ ọ, tí ì bá bá mi jiyàn, tí ì bá ní àṣejù ti wọ̀ ọ́.

Ilé Ìyá Williamsville ni ẹbí ti máa ń pàdé. Àbúrò bàbá ọkọ mi ni, àdúgbò tí ó ń gbé la fi ń pè é. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Bọ̀dá ti wọlé láti San-Pédro. Wọ́n fún mi ní àpótí kékeré jókòó níwájú wọn, bí ìyàwó ilé. Èmi tí n kì í lè sọ̀rọ̀ níwájú wọn tẹ́lẹ̀, ọlá ọmọ mi ni mo jẹ lọ́jọ́ náà. Mo to ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń to bọ́tìnnì sórí páálí. Mo ní ilé-ìwé yìí kì í yanṣẹ́ lódì. Mo ní bí wàhálà bá bẹ́ sílẹ̀ ní Koumassi, ọmọ lè bọ́ sí ti Yopougon, bó bá bẹ́ sílẹ̀ ní Abidjan, ó lè bọ́ sí Abengourou. N kò dúró níbẹ̀. Mo fẹ́ kí ó wọ Bọ̀dá lára. Mo ní, "Bọ̀dá, San-Pédro tí ẹ wà gan-an, wọ́n wà níbẹ̀. Ìwé kan náà, aṣọ kan náà, bí ẹni pé inú ọgbà kan ni gbogbo wọn wà."

Bọ̀dá bi mí ní ìbéèrè díẹ̀, jẹ́jẹ́. Ó ní ṣé òótọ́ ni pé ọmọ kò ní pàdánù nǹkan kan bó bá ṣí láti ẹ̀ka kan sí òmíràn? Mo ní kò ní pàdánù ohunkóhun. Ó ní ṣé ó dá mi lójú? Mo ní ó dá mi lójú, ọ̀gá wọn ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn àgbà wo ara wọn. Bọ̀dá wá ní mo ṣeun, mo ti ṣe bí ìyá tó mọ ohun tó ń ṣe, ilé-ìwé yìí náà ni ọmọ àwọn yóò lọ, ọ̀rọ̀ Èjìgbò ti kúrò níbẹ̀.

Mo bọ́ sórí eékún mi méjèèjì. Ó yẹ kí n ṣàlàyé èyí fún ẹni tí kò mọ ẹbí wa. Ẹni tí àgbà bá dá ẹjọ́ fún, bó bá ti lè kúnlẹ̀ dúpẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí. A kì í dìde lórí ìkúnlẹ̀ kí a tún ní a ní nǹkan sọ. Ẹni tí ìdájọ́ kò bá tẹ́ lọ́rùn, yóò jókòó ni, yóò ní òun ṣì ń ronú, gbogbo ilé á sì mọ ohun tó túmọ̀ sí, wọ́n á tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Àmọ́ bí ó bá ti kúnlẹ̀, ó ti gbà. Èmi ti mọ òfin yìí láti ìgbà tí mo ti wọlé wọn. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ni bàbá mi, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Mo dúpẹ́ títí, kò sẹ́ni tó ní kí n dúpẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Orúnkún mi ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí Bọ̀dá fi ohùn jẹ́jẹ́ rẹ̀ náà parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ti San-Pédro ni yóò lọ, lọ́dọ̀ mi. Ìyàwó mi ti ń tún yàrá ṣe."

Gbogbo ilé ní ó dára. Ìyá Williamsville ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó ní ọmọ náà yóò yàn yóò yanjú, a ṣe àmín. Ó ní ìyá rẹ̀ kò ní fojú sunkún ọmọ, a ṣe àmín. Èmi náà ṣe é, ẹnu mi ni mo fi ṣe é. Wọ́n pín mínírà. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ, ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Èmi ni mo pe San-Pédro létí wọn, kò sẹ́ni tó bi mí.

Mo padà lọ bá Bọ̀dá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ó tó wọkọ̀. Ó fún mi ní àga, ó ní kí n jẹun, n kò jẹ. Mo ní n kò mọ̀ pé ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ nìyẹn. Mo ní èmi nìkan ni yóò kù nínú ilé yẹn, kí ó ṣàánú mi, ó lè mú ohunkóhun mìíràn nínú ẹrù àbúrò rẹ̀. Kò bínú. Ó ní:

"Ìyàwó wa, ṣebí o ti dúpẹ́."

Òótọ́ ni. Ó wá ní, pẹ̀lú ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, pé bí òun bá ti rí ọmọ náà, bí ó ṣe ń gbé ẹsẹ̀, ńṣe ló dà bíi pé àwọn kò tíì sin àbúrò òun tán. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó bọ́ lójú tèmi. Àwa méjèèjì sunkún lórí àga níbẹ̀, ọmọ ṣì lọ.

Mo mú un lọ sí ibùdókọ̀ ní Adjamé. Ọ̀dọ̀ fèrèsé ni wọ́n fi í sí, inú rẹ̀ dùn sí ìyẹn. Bọ̀dá fún un ní bískíìtì. Mo ní kí ó máa gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu, kí ó máa ṣe ọmọ dáadáa, bí wọ́n bá ní kí ó má ṣe nǹkan, kí ó má ṣe é. Ó ní "oui, maman." Mo tún un sọ. Ó ní "oui" lẹ́ẹ̀kan sí i, ojú rẹ̀ ti wà lára ọmọkùnrin tó ń ta omi inú ọ̀rá níta. Nígbà tí ọkọ̀ lọ tán, mo gba ṣọ́ọ̀bù mi lọ, mo sì tajà lọ́jọ́ náà. Ènìyàn á máa rò pé òun kò ní lè ṣe é, ó sì máa ń ṣe é.

Ohun tí n kò lè ṣe ni kí n kọjá ilé-ìwé yẹn. Ẹ̀ka Koumassi wà lójú ọ̀nà mi. Ní ìrọ̀lẹ́, bí mo bá ti ọjà dé, àwọn ọmọ ń jáde, gbogbo wọn nínú aṣọ alápótí àwọ̀ ewé yẹn, irú èyí tó wà lọ́rùn ọmọ mi lọ́hùn-ún ní wákàtí kan náà. Màá dúró lódìkejì títì. Mo máa ń wá èyí tó ga tó ọmọ mi, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín bíi tirẹ̀. Bí ọmọbìnrin kan bá kọ ẹ̀yìn sí mi, mo máa ń gbàdúrà pé kí ó má tètè yíjú padà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì kọjá wá bá mi. Ó ti ń rí mi, ó rò pé ọmọ mi ń pẹ́ jáde ni. Ó bi mí pé kíláàsì wo ló wà. Mo ní CP1, ìyẹn kíláàsì kìíní, òótọ́ sì ni. Ó ní gbogbo CP1 ti lọ tán, màdáámù. Mo ní ó ní láti jẹ́ pé ó ti ṣíwájú mi délé. Ó ní kí n yára nígbà náà, kí ó má baà bá ilẹ̀kùn ní títì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo yára bí ẹni tí wọ́n ń retí nílé lóòótọ́. Ó pẹ́ kí n tó tún gba ọ̀nà ibẹ̀.

Mo fẹ́ rí ilé-ìwé náà bú, n kò rí ibi tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ náà ni wọ́n ṣe. Ọmọ ń ṣe dáadáa. Bọ̀dá ń sanwó, kò jẹ́ kí n mọ iye rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, mo máa ń lọ sí ibi tí wọ́n ti ń pe tẹlifóònù, ìyàwó Bọ̀dá á kọ́kọ́ kí mi, á ní ọmọ wa dáadáa ni o, á wá gbé e fún un. Lákọ̀ọ́kọ́ ó máa ń sunkún, èmi náà á máa sunkún, owó á máa lọ. Nígbà tó yá, kò sunkún mọ́, ó ń rojọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún mi. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di pé mo ní láti máa bi í ní nǹkan kí ó tó sọ̀rọ̀. Wọn kò jẹ́ kí ó wá nígbà Kérésìmesì àkọ́kọ́, torí ọ̀nà kò dára, àwọn ṣọ́jà ń dá ọkọ̀ dúró níbi gbogbo. Lọ́dún kejì, ìyàwó Bọ̀dá bímọ, wọ́n ní kí ó dúró ran án lọ́wọ́. Kò sí ìgbà kan tí ìdí wọn kì í ṣe òótọ́.

Ìsinmi gígùn ọdún tó tẹ̀ lé e ló tó wá. Ó ti ga, eyín iwájú rẹ̀ tuntun ti hù. Ó kúnlẹ̀ kí mi ní ibùdókọ̀, níwájú gbogbo ayé, lórí ilẹ̀ Adjamé yẹn. Mo gbé e dìde, mo fẹ́ gbé e pọ̀n, ó tóbi jù. Mo ti se gbogbo ohun tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀. Ó jẹ díẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀, ó dúpẹ́, ó kó abọ́ lọ fọ̀. Mo ní kí ó fi í sílẹ̀, ó ní rárá, mà. Ní òru, ó sùn sí eteetí bẹ́ẹ̀dì, ó fi àyè tó pọ̀ sílẹ̀ fún mi. N kò fọwọ́ kàn án, kí n má baà jí i.

Mo ń ká aṣọ ní pálọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ìsinmi náà nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, kò wọlé. Ó di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Mo ní kí ló dé, ọmọ mi?

Yorùbá ló fi sọ ọ́, Yorùbá tí wọ́n kọ́ ọ ní San-Pédro, ó gún régé ju èyí tí èmi kọ́ ọ lọ.

"Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé mo lè bu omi mu?"

Ilé tí mo bí i sí nìyẹn. Orí àpótí ló máa ń gùn tẹ́lẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan omi, á da ìdajì sí àyà, á fi ife sílẹ̀ nílẹ̀, n óò máa pariwo. Mo wò ó. Ó ń dúró kí n fún òun láyè. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bu omi mu. Ó ní ẹ ṣé, mà. Ó bu ú, ó mu ún, ó ṣan ife náà, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó sì padà lọ jókòó sí eteetí àga.

Obìnrin Júlà ẹ̀gbẹ́ mi ti ń wo gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn. Ó ní Ànàgó mùsó, ọmọ yìí ní ẹ̀kọ́, ó yàtọ̀ sí àwọn tiwa nínú àgbàlá yìí.

Mo dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n tọ́ ọ dáadáa.